Ààlà Tí Ojú Kò Rí: Ẹ̀kọ́ Lórí Wíwá Ibi Tí A Ó Máa Gbé Létí Ìlú Ńlá

Ẹ̀kọ́ tòní jẹ́ ti ilẹ̀ àti ààlà. Mo mọ̀ pé lórí ọ̀rọ̀ ilẹ̀, ẹ̀yin lẹ lè kọ́ mi. Ta ni nínú yín tí kò mọ ibi tí oko bàbá rẹ̀ pin sí? Ẹ mọ pèrègún tó wà lójú ààlà. Ẹ mọ ẹni tó gbìn ín. Ẹ mọ ẹni tí ẹ jọ pààlà, ẹ sì mọ bàbá rẹ̀ pẹ̀lú.

Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí kì í ṣe ilẹ̀ oko. Ilẹ̀ etí ìlú ńlá ni. Àwọn ọmọ yín àti àwọn àbúrò yín ti lọ sí Àjàṣẹ́ àti Kútọnù. Wọ́n ń wá ibi tí wọn yóò kọ́ ilé sí. Nígbà mìíràn, owó àgbàdo yín àti owó gàrí yín ni wọ́n fi ń ra ilẹ̀ náà. Nítorí náà ọ̀rọ̀ yìí kàn yín, bí ẹ kò tilẹ̀ ní kúrò ní Kétu láéláé.

Ìlú tí ẹnu ń pè, ìlú tí ìwé ń pè

Mo ní ẹ̀gbọ́n kan tó ń wa zẹ́mìjàn ní Kútọnù. Ọdún mẹ́fà ló fi kó owó jọ. Ọkùnrin kan sọ fún un pé òun ní ilẹ̀ tí òun fẹ́ tà, ó ní inú Kútọnù gan-an ló wà. Ẹ̀gbọ́n mi lọ wò ó. Ọ̀nà ọ̀dà kò jìnnà, ọjà kò jìnnà. Gbogbo ẹni tó bi léèrè ló ní Kútọnù làwọn ń gbé. Ó sanwó. Wọ́n kọ ìwé fún un, olórí àdúgbò kan lu òǹtẹ̀ sí i. Inú wa dùn nílé lọ́jọ́ náà, ìyá wa pa àkùkọ.

Nígbà tó ṣe, ó mú ìwé náà lọ sí mẹ́ẹ̀rì Kútọnù, kí wọ́n bá a tọ́ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ rẹ̀. Akọ̀wé ibẹ̀ ka ìwé náà, ó ní: «Ẹ̀gbọ́n, ilẹ̀ yìí kì í ṣe tiwa. Godomey ni. Ẹ lọ sí Calavi.» Ó lọ sí Calavi. Wọ́n bi í pé: «Olórí àdúgbò wo ló lu òǹtẹ̀ yìí?» Ó dárúkọ rẹ̀. Wọ́n ní onítọ̀hún kò láṣẹ níbẹ̀, àdúgbò kejì ni tirẹ̀. Wọ́n wá pe ẹni tó ni àdúgbò náà. Ẹni yẹn ní ẹlòmíràn ti ra ilẹ̀ náà ní ọdún mẹ́ta ṣáájú, òun fúnra òun lòun sì jẹ́rìí sí i. Wọ́n wá ẹni tó tà á títí, wọn kò rí i. Ẹ̀gbọ́n mi ṣì wà nínú yàrá kan tó ń sanwó rẹ̀ lóṣooṣù.

Ẹ̀gbọ́n mi kì í ṣe òmùgọ̀ o. Ó béèrè, ṣùgbọ́n ohun tó béèrè kò tó. Ó béèrè orúkọ tí àwọn èèyàn ń pe ibẹ̀. Kò béèrè orúkọ tí ìwé ìjọba ń pè é. Àwọn tó sì dá a lóhùn kò parọ́ fún un. Ẹni tó ń gbé Godomey, tó ń jí lọ sí ibi iṣẹ́ ní Kútọnù lárààárọ̀, Kútọnù ló máa ń pe ara rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo ìdí tí èyí fi rí bẹ́ẹ̀. Kútọnù wà láàrin òkun àti ọ̀sà Nokoué. Kò fi bẹ́ẹ̀ ní ibi tí yóò fẹ̀ sí mọ́. Ní 2002, nígbà tí wọ́n ka èèyàn, Kútọnù ní 665.100. Abomey-Calavi, tó wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ní 307.745. Ọdún 11 lẹ́yìn náà, ní 2013, wọ́n tún kà. Kútọnù ní 679.012, kò fi bẹ́ẹ̀ pọ̀ sí i. Abomey-Calavi ti di 656.358. Ó ju ìlọ́po méjì lọ! Ìyẹn ni pé àwọn tó ń wá Kútọnù kò dúró ní Kútọnù. Wọ́n kọjá ààlà, wọ́n sì ń kọ́lé lọ láìmọ̀ pé àwọn ti kọjá.

Àjàṣẹ́ náà rí bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá gba ọ̀nà àríwá, tí ẹ kọjá ọjà Ouando, ẹ lè wọ Akpro-Missérété tàbí Avrankou, kí ilé ṣì máa tẹ̀ lé ilé, kí ẹ máà rí àmì kankan. Ní ìlà oòrùn, Adjarra ni. Bí ẹ bá sọdá omi sí gúúsù, ẹ ti wà ní Sèmè-Podji. Ní ìwọ̀ oòrùn, Aguégués ni, níbi tí ọkọ̀ ojú omi ti jẹ́ ẹsẹ̀ fún wọn.

Bí wọ́n ṣe pín ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀

Nínú agbo ilé, yàrá wà nínú ojúlé, ojúlé wà nínú agbo ilé, agbo ilé wà nínú àdúgbò. Ìjọba náà pín ilẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mo kọ orúkọ wọn bí ẹ ó ṣe rí i lára ìwé, nítorí Faransé ni wọ́n fi ń kọ ọ́. Ẹ fi ìka tọ ọ̀rọ̀ náà bí ẹ ti ń kà á.

Département ni èyí tó tóbi jù. Méjìlá ni wọ́n. Nínú wọn ni commune wà, 77 ni gbogbo wọn. Commune kọ̀ọ̀kan ní mẹ́ẹ̀rì tirẹ̀, ibẹ̀ sì ni ìwé púpọ̀ ti ń jáde. Nínú commune ni arrondissement wà, 546 ni wọ́n ní gbogbo ilẹ̀ wa. Èyí tó kéré jù ni village, bí ó bá jẹ́ abúlé, tàbí quartier, bí ó bá jẹ́ àdúgbò inú ìlú.

Nítorí náà, Godomey jẹ́ arrondissement. Ó wà nínú commune Abomey-Calavi, èyí tó wà nínú département Atlantique. Kútọnù wà nínú Littoral. Ọ̀nà ọ̀dà kan náà ló gba inú méjèèjì kọjá, ṣùgbọ́n commune méjì ni, département méjì ni.

Àwọn kan yóò ní: «Olùkọ́, ìwé ìbí mi kò ní commune, Province ló wà níbẹ̀.» Òótọ́ ni. Ní àkókò ìjọba Kérékou àkọ́kọ́, Province àti District ni wọ́n ń kọ. Lẹ́yìn 1990, wọ́n kọ Département àti Sous-préfecture. Òfin ọdún 1999 ló sọ département 6 di 12. Nígbà náà ni wọ́n yọ Plateau kúrò lára Ouémé: Kétu, Pobè, Sakété, Ifangni àti Adja-Ouèrè. Ní oṣù Kejìlá 2002 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìdìbò àwọn commune, àwọn mẹ́ẹ̀rì sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2003. Bí ìwé yín bá jẹ́ ti àtijọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi dẹ́rù bà yín pé kò dára mọ́. Orúkọ ló yí padà, ilẹ̀ kò kúrò níbi tó wà.

Àwa ará Kétu sì kúkú mọ ohun tí ààlà orí ìwé lè ṣe. Ní 1889, Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì jókòó ní ọ̀nà jíjìn, wọ́n fi ìlà pín ilẹ̀ Kétu. Mẹ̀kọ̀ bọ́ sí ọwọ́ Gẹ̀ẹ́sì, Kétu bọ́ sí ọwọ́ Faransé. Àwọn tó ń lọ sóko lọ́jọ́ náà kò rí ìlà kankan lórí ilẹ̀. Ọmọ wọn ló wá rí aṣọ́bodè.

Kí ni ààlà commune ń ṣe fún yín?

Ẹ fojú inú wo ọ̀nà tóóró kan. Ìyá kan ń gbé ní apá ọ̀tún, ìyá kejì ń gbé ní apá òsì. Wọ́n jọ ń pọn omi nínú kànga kan. Ṣùgbọ́n ààlà gba àárín ọ̀nà yẹn kọjá. Bí wọ́n bá bímọ nílé ní ọjọ́ kan náà, ibi tí wọn yóò ti kọ orúkọ ọmọ sílẹ̀ yàtọ̀ síra. Ní ọjọ́ ìdìbò, olùdíje tó ń wá sí ọ̀dọ̀ ọ̀kan kì í ṣe ẹni tó ń wá sí ọ̀dọ̀ èkejì. Bí ìjà ilẹ̀ bá dé, olórí àdúgbò méjì ni wọn yóò tọ̀ lọ. Bí mẹ́ẹ̀rì kan bá tún ọ̀nà ṣe, iṣẹ́ lè dúró gbọnrangandan ní ojú ààlà. Mo ti rí irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀: òkúta dé ibì kan, ẹrẹ̀ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀.

Nítorí náà, bí ọmọ yín bá sọ pé òun ti rí ilẹ̀ ní Àjàṣẹ́, ẹ bi í pé: commune wo? arrondissement wo? quartier wo? Ta ni olórí àdúgbò ibẹ̀? Bí kò bá lè dá yín lóhùn, kí owó ṣì wà nínú àpò. Kí òun fúnra rẹ̀ lọ sí ilé iṣẹ́ arrondissement tí wọ́n dárúkọ, kí ó béèrè bóyá àdúgbò náà wà lọ́wọ́ wọn. Kò gbọdọ̀ jẹ́ pé ẹni tó ń ta ilẹ̀ ni yóò mú un lọ bá olórí àdúgbò. Ibi tí ẹ̀gbọ́n mi ti ṣubú nìyẹn.

Ẹ lọ wo ibẹ̀ nígbà òjò

Ilẹ̀ etí ọ̀sà máa ń dára púpọ̀ nínú ẹ̀ẹ̀rùn. Yanrìn rẹ̀ mọ́, afẹ́fẹ́ ń fẹ́, owó rẹ̀ kò wọ́n. Ẹni tó ń tà á mọ ìdí tí òun fi ń tà á ní oṣù Kejì. Kí òjò wá bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹrin tàbí Ìkarùn-ún, ẹ ó rí i tí àwọn èèyàn ń fi ọkọ̀ ojú omi wọ ilé. Odò Ouémé náà máa ń kún bo bèbè ní oṣù Kẹsàn-án àti Ìkẹwàá, nígbà tí omi òkè bá sọ̀ kalẹ̀. Kì í ṣe pé omi wá sí ilé wọn. Àwọn ni wọ́n kọ́lé sí ilé omi.

Bí ẹ kò bá lè dúró di ìgbà òjò, ẹ wo ara ògiri àwọn ilé tó wà nítòsí. Omi máa ń fi ìlà sílẹ̀ lára ògiri. Ẹ wo bí ẹnu ọ̀nà wọn ti ga tó. Bí gbogbo ará àdúgbò bá da yanrìn gíga kí wọ́n tó kọ́lé, wọ́n mọ nǹkan tí wọ́n rí. Ẹ wo koríko ibẹ̀. Ẹ̀yin àgbẹ̀ ni, ta ni yóò fi koríko àbàtà tàn yín jẹ? Ẹ wo inú kànga bóyá omi rẹ̀ sún mọ́ òkè. Kí ẹ sì wá ìyá àgbà kan tó ń ta àkàrà tàbí ẹ̀kọ ní ẹnu ọ̀nà. Ẹ jẹun lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹ tó béèrè. Òun kò ní ilẹ̀ láti tà, yóò sọ òtítọ́ fún yín.

Ẹ wo òpó iná SBEE, ẹ kà á bó ti jìnnà tó sí ilẹ̀ yín. Níbi tí òpó kò bá dé, ẹ ó rí okùn iná tí wọ́n so mọ́ igi láti ilé dé ilé bí òwú aláǹtakùn. Owó rẹ̀ máa ń wọ́n, ó sì ń pa èèyàn. Ẹ béèrè ẹ̀rọ omi SONEB, ilé ẹ̀kọ́ ìjọba àti ilé ìwòsàn. Ẹ fi ẹsẹ̀ rìn ín, ẹ má gun zẹ́mìjàn, nítorí ẹsẹ̀ ni ọmọ kékeré yóò máa fi lọ.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò díẹ̀. Ilẹ̀ tó jìnnà kì í wọ́n, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí zẹ́mìjàn bá ń gba 300 sẹ́fà ní àlọ, 300 sẹ́fà ní àbọ̀, 600 sẹ́fà ni lójúmọ́. Bí ẹ bá ń lọ síbi iṣẹ́ ní ọjọ́ 26 nínú oṣù, 600 lọ́nà 26 jẹ́ 15.600 sẹ́fà. Ẹ fi oṣù 12 sọ ọ́ di púpọ̀: 187.200 sẹ́fà lọ́dún, fún ẹnì kan ṣoṣo. Ẹ fi èyí kún owó ilẹ̀ kí ẹ tó sọ pé kò wọ́n.

Àwọn ààlà tí kò sí nínú ìwé

Àwọn kan wà tí mẹ́ẹ̀rì kò kọ sílẹ̀, ṣùgbọ́n tí ará ibẹ̀ ń bọ̀wọ̀ fún. Ní agbègbè Àjàṣẹ́, àwọn Ègùn ní Zángbétọ́ tó ń ṣọ́ ìlú lóru. Ní àdúgbò tiwa àwọn Nàgó, Orò wà, ẹ sì mọ òfin rẹ̀. Igbó kan lè wà tí ẹnikẹ́ni kì í gé igi rẹ̀. Bí wọ́n bá ta ilẹ̀ tó fara kan igbó bẹ́ẹ̀ fún yín, ìwé yín lè pé pérépéré, kí ẹ sì máa bá àdúgbò jà títí. Ìbáà ṣe ẹ̀sìn yòówù lẹ ń ṣe, ẹ bi àgbà ibẹ̀ léèrè kí ẹ tó gbé búlọ́ọ̀kì lélẹ̀. Ẹ béèrè èdè tí wọ́n ń sọ pẹ̀lú. Ọmọ Kétu tó dé Adjarra yóò gbọ́ Ègùn lọ́wọ́ aládùúgbò rẹ̀. Kò burú. Ẹ̀yin náà ẹ kọ́ bí wọ́n ṣe ń kíni.

Okùn àti ìwé

Wọ́n máa ń sọ pé ilẹ̀ kan fẹ̀ ní mítà 20, ó gùn ní mítà 25. Ìyẹn jẹ́ mítà 500 ní fífẹ̀ àti gígùn pọ̀. Ẹ mú okùn tí ẹ ti wọ̀n nílé lọ, ẹ wọ̀n ọ́n ní ojú ẹni tó ń tà á. Ẹnì kan nínú kíláàsì wa wọn tirẹ̀, ó bá mítà 20 lọ́nà 22. Ẹ ṣe é: 440 ni. Ó dín 60, ó sì ti fẹ́ san owó 500. Okùn tó ra ní ọjà Kétu ló gbà á sílẹ̀. Ẹ wá òkúta ààlà tí àwọn awọnlẹ̀ rì mọ́ igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Borne ni Faransé ń pè é. Bí ẹ kò bá rí borne, ẹ béèrè bóyá ìjọba ti pín àdúgbò náà sí ojúlé àti ọ̀nà. Pípín yìí ni lotissement. Bí wọn kò bá tíì pín in, ẹ mọ̀ pé lọ́jọ́ tí wọ́n bá pín in, wọn yóò yọ ọ̀nà àti ilẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ nínú rẹ̀. Ilẹ̀ yín lè kéré sí i, tàbí kí wọ́n fún yín ní ibòmíràn.

Ìwé tí ẹ̀gbọ́n mi gbà ni convention de vente. Ó ń sọ pé ẹnì kan tà, ẹnì kan rà. Kò lè sọ pé ẹni tó tà á ló ni ín. Attestation de détention coutumière ń sọ pé ìdílé kan ló ni ilẹ̀ náà ní ìlànà ìbílẹ̀. Attestation de recasement ni wọ́n ń fúnni lẹ́yìn lotissement, láti fi ibi tí wọ́n fún wa hàn. Titre foncier ni olórí gbogbo wọn. Òfin ilẹ̀ tó jáde ní oṣù Kẹjọ 2013, tí wọ́n tún ṣe ní 2017, sọ pé òun ló fìdí ẹni tó ni ilẹ̀ múlẹ̀. Ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń mójú tó o ni ANDF. Ẹ lọ béèrè níbẹ̀ bóyá ilẹ̀ tí ẹ fẹ́ rà ti ní titre foncier, àti orúkọ ẹni tó wà lórí rẹ̀, kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín. Àwọn kan ń tijú láti wọ ọ́fíìsì. Ẹ má tijú. Ẹ mú ẹni tó mọ Faransé dání, kì í ṣe ẹni tí olùtà yàn fún yín.

Ẹ̀yin ará wa ní Tógò, ní agbègbè Atakpamé, ọ̀rọ̀ náà kò yàtọ̀ púpọ̀. Láti ìdìbò 2019, commune 117 ló wà ní Tógò. Ohun tí ẹnu ń pè ní Lomé jẹ́ commune 13: méje ní Golfe, mẹ́fà ní Agoè-Nyivé. Òfin ilẹ̀ ti Tógò jáde ní 2018. Ẹ bèèrè nọ́ńbà commune náà, nítorí Golfe 1 kì í ṣe Golfe 5.

Iṣẹ́ fún kíláàsì

1. Kí ló dé tí mẹ́ẹ̀rì Kútọnù kò fi lè ran ẹ̀gbọ́n olùkọ́ lọ́wọ́? Ìbéèrè wo ni ì bá ti béèrè kí ó tó sanwó?

2. Ilẹ̀ kan fẹ̀ ní mítà 15, ó gùn ní mítà 24. Olùtà ní 400 ni. Ṣé òótọ́ ló sọ? Mélòó ló dín?

3. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ mẹ́rin yìí sínú ìwé yín ní ìgbà mẹ́ta: département, commune, arrondissement, quartier. Ẹ kọ orúkọ tiyín síwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan.

4. Ní ìpàdé tó ń bọ̀, kí olúkúlùkù mú ìwé ìbí rẹ̀ tàbí ìwé ilẹ̀ kan wá láti ilé. A ó jọ wá ibi tí wọ́n kọ orúkọ ìlú sí. Bí ẹ bá rí Province tàbí District, ẹ fi hàn mí, a ó jọ kọ orúkọ tí wọ́n ń pè é lónìí sínú ìwé iṣẹ́ yín.